Ẹ Kó Kòkó

Ọ̀túnla ni Kérésì. Ọyẹ́ ti gba Odòjọ̀mù,
ètè ń sán, gìgísẹ̀ ń là bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn.
Mo ti se bàbá dúdú lánàá, mo ti gé e wẹ́wẹ́,
ó jókòó sórí ọpọ́n bí ọmọ iléèwé tó ń retí yunifọ́ọ̀mù.
Ẹ̀pà yíyan wà níbẹ̀, àgbọn gígé wà níbẹ̀.
Aṣọ wọn ló kù.

Mo gbé ìkòkò kékeré kaná, omi inú rẹ̀ ò ju ìka méjì lọ.
Mo gbé abọ́ lé e lẹ́nu. Ìdí abọ́ ò gbọdọ̀ kan omi,
ooru nìkan ni kó máa bá a sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀.
Mo fi ọ̀bẹ rẹ́ ṣokoléètì sínú rẹ̀,
mo fi ìdá kan pamọ́ nínú mẹ́ta.
Ẹni tó bá kánjú sí i, jíjó ló ń jó.
Mo dín iná kù. Mo dúró.
Igun rẹ̀ kọ́kọ́ ń dán,
lẹ́yìn náà ó tẹ́, ó dà wọ̀ọ̀,
bí arúgbó tó ti dárí jini
tí kò sì ní í fẹnu sọ ọ́.

Fadérera ọmọ mi fẹ́ ràn mí lọ́wọ́.
Ó fọ ṣíbí, kò nù ún,
ó tì í bọ inú abọ́.
Ẹ̀kán omi kan péré!
Ṣokoléètì dì gbagidi, ó ṣù pọ̀
bí ẹrẹ̀ tí táyà ọkọ̀ pò lọ́nà Bọ́lọ́rundúró.

Kí n tó mọ̀, mo ti lọgun:
"Òjò o! Ẹ kó kòkó!
Ẹ kó kòkó kó tó kó sómi!"

Ọmọ náà yọjú lójú fèrèsé, ó wo ojú ọ̀run.
Eruku nìkan ló wà níbẹ̀.
Ohùn bàbá mi ló gba ẹnu mi jáde.

Lábà, tí ìkùukùu bá ti ṣú lókè igi,
ẹni tó ń jẹun á ju òkèlè sílẹ̀,
ẹni tó ń wẹ̀ á sáré jáde tòun ti ọṣẹ lójú,
gbogbo wa á dorí kọ pèpéle síméǹtì.
Lọ́dún tí a pẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì,
òjò ló ṣáájú wa délé.
Kòkó hu funfun nínú àpò.
Agbẹ̀wọ̀n fi ọ̀bẹ la ẹyọ kan, ó gbóòórùn rẹ̀,
ó ju ẹ̀là méjèèjì sílẹ̀.
Táàmù kan gbáko ni mo fi jókòó sílé.
Bàbá ò bá ẹnikẹ́ni wí.
Ìbá kúkú bá wa wí.

N ò da ti Fadérera nù.
Mo bu mílíìkì gbígbóná sí i, mo rò ó, mo tún bù sí i.
Omi díẹ̀ ló bà á jẹ́, omi púpọ̀ ló là á níyà,
àwọn ọmọ fi kọ́ọ̀bù mu ún, wọ́n lá ìdí abọ́.

Lẹ́ẹ̀kejì, mo nu ṣíbí, mo nu ọwọ́, mo nu ìdí abọ́.
Ó yọ́ tán, mo sọ̀ ọ́, mo da ìdá tí mo fi pamọ́ sí i,
mo rò ó títí ó fi tutù ju ètè mi lọ díẹ̀.
Bàbá dúdú kan gun fọ́ọ̀kì, ó mòòkùn,
ó gbé dúdú tó ju dúdú rẹ̀ lọ jáde.
Mo gbá fọ́ọ̀kì létí abọ́, kó, kó,
mo tẹ́ ẹ sórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀.
Wọ́n ti mú iná lọ, fíríìjì ń làágùn.
Mo ṣí fèrèsé,
ọyẹ́ wọlé wá ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, Bàbá fọ̀pá wá ọ̀nà dé ilé ìdáná.
Mo kó márùn-ún sí i lọ́wọ́.
Kò fi sẹ́nu.
Ó pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì dé, ó mì wọ́n létí,
ó tẹ́tí sí ìró wọn.
"Èyí gbẹ," ló wí.
Ó dákẹ́ díẹ̀.
"Ta ló kó o wọlé?"
Fadérera ní òun ni.